Omi Ọ̀sà Tí A Lọ Tọ́ Wò Lẹ́yìn Ẹ̀ẹ̀rùn

Ohun tó sọ mí di òpùrọ́ lójú ọkùnrin tí mo fẹ́ fi ṣe àna kò ju omi lọ. Mi ò jalè, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà, bẹ́ẹ̀ ni mi ò bá ọmọ rẹ̀ obìnrin pàdé ní kọ̀rọ̀. Mo kàn sọ níwájú rẹ̀ pé omi ọ̀sà níyọ̀ ni. Ẹnu ara mi ni mo sì fi tọ́ ọ wò. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè kó ọ̀rọ̀ mi jẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo ará ilé mi ló bẹ̀ mí pé kí n kó o jẹ kíákíá.

Nígbà náà, ọ̀nà odò ṣẹ̀ṣẹ̀ là fún tọmọdé tàgbà ni. Abúlé wa kò jìnnà sí Ìkẹ́nnẹ́, oko ni gbogbo wa ń ro, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan ń ra obì jọ, ó sì máa ń ní kí n rù ú gba Ṣàgámù àti Ògìjo kọjá títí dé etí ọ̀sà, níbi tí àwọn ọlọ́kọ̀ ti ń gbà á lọ sí Èkó. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ, inú ẹ̀ẹ̀rùn sì ni ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nígbà tí ọyẹ́ ń fẹ́ tí iṣẹ́ oko ti dínkù. Kí n tó lọ, mo rò pé ẹni tó bá ti rí ọjà Ṣàgámù ti rí ayé tán. Etí ọ̀sà ló là mí lójú.

Ìletò kékeré kan wà níbẹ̀ tí iyanrìn rẹ̀ funfun. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú, àwọn ọlọ́lá Èkó, tí Sàró pọ̀ jù nínú wọn, á wọ ọkọ̀ wá síbẹ̀ tọkọtaya, wọ́n á ní àwọn wá gba afẹ́fẹ́. Àwọn ará ìletò á ti pa àtíbàbà dè wọ́n, wọ́n á ti gbá iyanrìn bí ẹni ń gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn àlejò á wá gbé àga kalẹ̀, wọ́n á kọjú sí omi, wọ́n á sì jókòó. Ó parí. Wọn kì í dẹ ẹja, wọn kì í ran àwọ̀n, wọn kò ní ohun tí wọ́n ń tà. Tí wọ́n bá jókòó títí tó fi sú wọn, wọ́n á dìde, wọ́n á rìn lọ rìn bọ̀ lórí iyanrìn láìru ohunkóhun, wọ́n á sì tún padà wá jókòó. Mo rí bàbá arúgbó kan tó bọ́ bàtà àti ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀, tó ká ṣòkòtò dé orúnkún, tó ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ kan omi, tí omi bá sì sún mọ́ ọn, á sá sẹ́yìn, á máa rẹ́rìn-ín. Mo dúró wò ó títí ẹrù obì fi fẹ́ já lórí mi. Ibẹ̀ náà ni mo ti bu omi kí n mu, tí mo sì tu ú dànù, nítorí iyọ̀ wà nínú rẹ̀.

Ọmọbìnrin tí mo ń fẹ́ kò jìnnà sí mi, ilé kẹta sí tiwa ni wọ́n ń gbé. Àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin ló ṣe alárinà wa, obìnrin tó lè bá òkúta sọ̀rọ̀ kí òkúta gbà. Bàbá rẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ tó ṣòro. Bàbá náà kì í purọ́. Kì í ṣe pé kì í purọ́ nìkan, ó máa ń dùn ún bí ẹlòmíràn bá purọ́. Bí ẹ bá kí i láàárọ̀ pé ṣé ó sùn dáadáa, yóò kọ́kọ́ rò ó kó tó dáhùn. Bí àlejò bá jẹun tán tó ní ọbẹ̀ náà dùn, bàbá yìí á yí sí i, á bi í pé ṣé lóòótọ́ ni. Síbẹ̀, ó ti ń gbà díẹ̀díẹ̀. Ó ti gba obì lọ́wọ́ àwọn èèyàn mi, ó sì ti gbà kí n wá ṣiṣẹ́ àna ní oko rẹ̀.

Mo kó àwọn ẹgbẹ́ mi lọ síbẹ̀, a kọ ebè láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi kàn wá lórí. Nígbà tí a jókòó sábẹ́ igi tí a ń jẹ iṣu sísun, àwọn ẹgbẹ́ mi ní kí n sọ ti àwọn ará Èkó tó ń jókòó fún bàbá. Mo sọ ọ́. Mo dìde, mo ṣe bí bàbá oníṣòkòtò kíká yẹn ṣe ń sá fún omi. Gbogbo wọn ń fi ọwọ́ lu ilẹ̀. Bàbá ń jẹ iṣu rẹ̀, kò rẹ́rìn-ín.

"Àwọn àgbà tó jókòó yẹn," ó ní, "kí ni wọ́n ń wò?"

"Omi ni, Bàbá."

"Kí ló wà nínú omi?"

"Kò sí nǹkan kan, Bàbá. Omi náà gan-an ni wọ́n ń wò."

Ó gbé iṣu ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ibi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà ti parí nìyẹn, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi kan tí ẹnu rẹ̀ kì í dúró ní, "Sọ ti iyọ̀ fún wọn." Mo bá sọ ti iyọ̀.

Bàbá yí sí mi. "Ọma mi, mo mu omi yẹn rí. Kí wọ́n tó bí ìwẹ ni mo ti ru ẹrù débẹ̀. Ọwọ́ mi méjèèjì ni mo fi bù ú. Ó dùn ju omi odò wa níhìn-ín lọ. Kò sí iyọ̀ nínú rẹ̀."

Ọlọ́gbọ́n á ti sọ pé bóyá òun ló ṣì í. Èmi ní, "Bàbá, ó níyọ̀." Bàbá dìde, ó gbé ọkọ́ rẹ̀, ó padà sídìí ebè.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló rán àbúrò rẹ̀ sí wa. Ó ní òun kò bínú, ṣùgbọ́n òun ò ní lè fún mi lọ́mọ. Ó ní ẹni tí ebi ń pa tó purọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yé òun. Ẹni tó yó, tí kò sẹ́ni tó bi í léèrè, tó wá purọ́ nítorí ẹ̀rín, òun ò mọ ohun tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa fi ọmọ òun ṣe.

Ìyá mi bú sẹ́kún. "Kí ni iyọ̀ jẹ́ sí ẹ? Sọ pé kò níyọ̀! Tí wọ́n bá fẹ́ kó jẹ́ oyin, sọ pé oyin ni!" Wọ́n tì mí lọ síwájú bàbá pé kí n lọ dọ̀bálẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀. Àyà mi kan ilẹ̀. Bàbá ní, "Ṣé kò wá níyọ̀ nìyẹn?" Mo fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹnu mi ní, "Ó níyọ̀, Bàbá." Wọ́n gbé mi dìde, wọ́n sìn mí lọ sílé bí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá. Ọmọbìnrin náà fúnra rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, ó ní kí wọ́n bi mí bóyá òun ni mo fẹ́ fẹ́ ni, àbí omi.

Alárinà wa ló yọ wá. Ó ní kò sí ohun tó kan ìjà nínú ọ̀rọ̀ náà, kí àwa méjèèjì lọ bu omi náà mu, ṣebí omi kò lọ síbì kankan. Bàbá gbà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nítorí ó dá a lójú pé òun jàre. Èmi náà gbà, nítorí ó dá èmi náà lójú. Ṣùgbọ́n ó ní kí òun kọ́kọ́ parí ebè. Ebè parí, ó kan gbígbin iṣu. Iṣu wọlẹ̀, ó kan àgbàdo. Àgbàdo hù, ó kan oko ríro. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ọkọ́ lá wà lọ́wọ́ rẹ̀, á ní, "Omi náà ń dúró dè wá." Nígbà tí a fi máa kúrò nílé, àgbàdo ti gbó, a sì ti ń jẹ ẹ́, òjò sì ti ń rọ̀ láti bí oṣù mẹ́rin. Kò sí èyí tó rò pé ìyẹn ṣe pàtàkì nínú wa. Àgbẹ̀ ni wá. Ohun tí a mọ̀ nípa òjò kò ju ohun tó ń ṣe fún ilẹ̀ lọ.

Ní àárọ̀ tí a máa lọ, ọmọbìnrin náà mú kèrègbè kan wá, ó ní kí a bu omi náà bọ̀ wá fún òun, òun ò gba ẹ̀rí ẹnikẹ́ni nínú wa. Ìyá rẹ̀ sì ní kí bàbá bá òun ra iyọ̀ bọ̀ ní etí ọ̀sà, ó ní ti ibẹ̀ máa ń pọ̀ ju ti ọjà wa. Bí a ṣe gbéra nìyẹn.

Ọjọ́ méjì ni a fi rìn, nítorí bàbá kì í kọjá lára oko olóko láì dúró wò ó. Ohun tó dùn mí jù lójú ọ̀nà náà ni pé ó ń ṣe mí dáadáa. Àgbàdo tó bá tóbi jù, èmi ló ń fún. Ká ní ó ń bú mi ni, ara á tù mí. Nígbà tí a sùn ní Ògìjo, ó fi ọwọ́ lé mi léjìká. "Bí a bá débẹ̀ tí kò níyọ̀," ó ní, "má jẹ́ kó dùn ọ́ jù, ọma mi. Ọmọdé ni ìwẹ. Irọ́ máa ń tán lára èèyàn bó bá ń dàgbà." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ni mo fẹ́ ṣe?

Nígbà tí a dé etí ọ̀sà, mi ò dá ibẹ̀ mọ̀. Gbogbo àtíbàbà ti di òpó lásán, wọ́n ti ká orí wọn lọ. Iyanrìn tí wọ́n ń gbá ti dúdú, koríko ti hù lójú rẹ̀, ojúoró sì ti bo etí omi lọ bí ilẹ̀ ṣe lọ. Wọ́n dojú àwọn ọkọ̀ kéékèèké délẹ̀. Ní ibi tí ìyàwó ọlọ́lá kan ti na agbòòrùn lé orí ara rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, ewúrẹ́ kan ló dùbúlẹ̀ níbẹ̀, ó ń jẹ àpọ̀jẹ, kò sì wo omi rárá. Kò sí ohùn ẹnikẹ́ni. Èéfín ilé kan ṣoṣo ni mo rí.

Bàbá wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Àwọn àgbà tó ń wo omi náà dà?"

"Wọ́n ti lọ, Bàbá."

"Hẹn," ó ní.

Mi ò tíì gbọ́ "hẹn" tó gùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo ju ẹrù sílẹ̀, mo sáré wọ inú omi, mo fi ọwọ́ ká ojúoró kúrò, mo bu omi mu. Kò níyọ̀. Mo rìn wọ̀ dé orúnkún, mo tún bù ú, kò níyọ̀. Omi dé ìdí mi, mo tún mu. Omi tútù, omi dáadáa, irú èyí tí a fi ń po ẹ̀kọ. Mo ń mu ún lọ, mo ń wá iyọ̀ kiri nínú ọ̀sà, ikùn mi ti ń le. Bàbá dúró sí etí omi, ó ní, "Ó tó, ọma mi. Ìwẹ ò lè mu ún tán." Òun náà wá bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì bù ú bó ṣe bù ú nígbà èwe rẹ̀, ó mu ún, ó nu ẹnu. "Bó ṣe wà nígbà náà ló ṣe wà," ó ní. Ó rọra sọ ọ́ ni. Ojú tì mí débi pé mi ò fẹ́ jáde nínú omi mọ́.

Ìyá àgbà kan jáde láti ilé tí èéfín ti ń rú. Ẹja ló ń yan. Òun nìkan, ó ní, ló ń dúró síbẹ̀ bí òjò bá dé. Àwọn tó kù ti lọ sí oko. Ó fún wa níbi tí a máa sùn. Èmi, nítorí pé inú mi bàjẹ́ tí mi ò sì mọ ohun tí mo fẹ́ fi ọwọ́ mi ṣe, mo ra ẹja ńlá kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí pé mo ti ra ẹja kí n tó la ẹnu. Ìgbà tí ẹja náà ti wà lọ́wọ́ mi ni mo tó bi í pé, "Yèyé, ṣé omi yìí kì í níyọ̀ ni?"

"Iyọ̀ kẹ̀!" ó ní. "Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, òkun á wọlé wá bá wa, a ò ní lè fi omi yìí ṣe nǹkan kan. Bí òjò bá rọ̀, omi odò á lé e padà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́dọọdún. Ìgbà tí òjò ń rọ̀ lẹ wá."

Inú mi dùn. Ọdún tí bàbá wá síbẹ̀ nígbà èwe rẹ̀, mo dájú pé inú òjò ni! Àwa méjèèjì la jàre! Mo yí sí i pẹ̀lú ẹ̀rín. Bàbá ń wo ẹja tó wà lọ́wọ́ mi. Ó wo ẹja, ó wo ìyá àgbà, ó tún wo ẹja. Ó wá fi ọ̀wọ̀ sọ fún obìnrin náà pé, "Ẹ ṣeun, Yèyé. Ẹja yín dára." Nígbà tí ó ku àwa méjì, ó ní kò yẹ kí n torí ẹja mú arúgbó bá mi purọ́. Mo búra. Mo fi ìyá mi búra, mo fi ilẹ̀ búra. Ó ní kí n má búra mọ́, ẹja náà ń jábọ́.

Ìyá àgbà náà ló wá gbé àga kan jáde. Ọ̀kan nínú àwọn ará Èkó ló fi í pamọ́ sọ́dọ̀ rẹ̀ di ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀, àga aláṣọ, tí èèyàn lè ká pọ̀ bí ẹní. Bàbá yí i po, ó fọwọ́ kàn án, ó bi wá pé irú àga wo ni kò ní ìjókòó gidi. Ó ní ẹsẹ̀ ń ro òun, òun á fi ìdí lé e díẹ̀. Ó jókòó. Àga gbé e mì. Ó di apá rẹ̀ méjèèjì mú, ó gbìyànjú láti dìde, kò lè dìde. Mo sáré kí n fà á, ó ní kí n fi òun sílẹ̀ ná.

Òjò ti dá, oòrùn sì yọ díẹ̀. Bàbá kọjú sí omi. Mo jókòó sórí iyanrìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ń retí kó ní ká dìde. Ọkùnrin tí mi ò rí kó jókòó láì ṣa nǹkan tàbí hun nǹkan rí láyé rẹ̀, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú. Mo rò pé ó ti sùn. Ojú rẹ̀ là.

"Kí lẹ ń wò, Bàbá?"

"Mi ò wo nǹkan kan. Ẹsẹ̀ mi ni mò ń sinmi."

Ó pẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ọkọ̀ kan ń kọjá níbẹ̀ yẹn." Ó tún pẹ́, ó ní, "Ó ti yí padà." Ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀ sétí mi, ó ní bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí oòrùn wọ̀ ni bàbá tó gbà kí n fà á dìde. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí mo jí tí mi ò rí i, mo mọ ibi tí mo máa wá a sí. Ó ní fìlà òun lòun wá wá. Orí rẹ̀ ni fìlà náà wà.

"Bàbá," mo ní, "bí wọ́n ṣe máa ń jókòó nìyẹn."

Ó rò ó dáadáa. Olóòótọ́ ni. "Ti àga," ó ní, "ìwẹ jàre."

"Ti iyọ̀ ńkọ́?"

"Ti iyọ̀, mo mu ún."

Ó ra iyọ̀ ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá àgbà náà, èmi bu omi ọ̀sà kún kèrègbè, a sì múra ilé. Èmi ni mo ru iyọ̀, èmi náà ni mo gbé kèrègbè dání. Ẹ̀yin tó ń ka èyí ti mọ ohun tó wá sí mi lọ́kàn. Ní ọjọ́ kejì, bàbá sinmi lábẹ́ igi kan, oorun gbé e lọ, èmi àti iyọ̀ àti omi nìkan ló jókòó. Mo tú ewé tí wọ́n fi wé iyọ̀. Mo bù ú sí àtẹ́lẹwọ́. Mo gbé ọwọ́ lé ẹnu kèrègbè. Mo wo ojú bàbá níbi tó sùn sí, mo rí i pé bí mo bá dà á sínú rẹ̀, òpùrọ́ tó pè mí ni mo dà yẹn, bẹ́ẹ̀ òótọ́ ni mo sọ. Mo lá iyọ̀ náà fúnra mi. Mo di ewé padà, mo fi okùn so ó ní kókó méjì, bí mo ṣe máa ń so ẹrù obì. Mo gbà pé mo ti pàdánù ọmọbìnrin náà. Mo sunkún díẹ̀, mo sì nu ojú kí bàbá tó jí.

Nígbà tí a dé odò ẹ̀yìn abúlé wa, bàbá ní kí n lọ wẹ̀, ó ní òórùn ẹja ń run lára mi, mi ò lè wọlé tọ àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀. Mo lọ wẹ̀. Nígbà tí mo jáde, òun ló ti gbé iyọ̀ rù, òun ló gbé kèrègbè dání, ó sì ti ń lọ níwájú. Mo sáré bá a, mo ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má dójú tì mí, àgbà kì í rẹrù kí èmi máa mi apá lọ́wọ́ òfo lẹ́yìn rẹ̀. Ńṣe ló tún ń yára sí i.

Gbogbo wọn ló wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀: alárinà, ìyá ọmọbìnrin náà, ìyá mi, àti ọ̀rẹ́ mi tí ẹnu rẹ̀ kì í dúró. Ọmọbìnrin náà da omi sínú igbá. Mo di ojú. Mo gbọ́ bó ṣe gbé e mu, mo sì gbọ́ bó ṣe tu ú.

"Yéè! Iyọ̀!"

Alárinà gba igbá lọ́wọ́ rẹ̀. "Iyọ̀ ni o! Iyọ̀ gidi!" Ìyá mi mu ún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ọ̀rẹ́ mi mu tirẹ̀, ó há a lọ́fun. Mo la ojú, mo gba igbá, mo tọ́ ọ wò, ahọ́n mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Omi ọ̀sà inú ẹ̀ẹ̀rùn gan-an kò níyọ̀ tó ìdajì rẹ̀. Mo gbé ojú sókè, mo wo bàbá. Bàbá ń wo àjà.

"Ẹ̀gbọ́n," alárinà ní, "ṣé ẹ̀yin náà tọ́ ọ wò?"

Bàbá wú ikọ́. Òógùn yọ níwájú orí rẹ̀. "Mo tọ́ ọ wò," ó ní. "Ó níyọ̀." Ohùn rẹ̀ kéré bíi ti ọmọdé. Mi ò rí ẹni tí irọ́ ṣòro fún tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ìyá ọmọbìnrin náà ti tú ẹrù iyọ̀ rẹ̀. Kókó kan ṣoṣo ló wà lára okùn, kì í ṣe kókó méjì tí èmi ta. "Bàbá," ó ní, "ṣé gbogbo iyọ̀ tí mo rán yín náà nìyí?"

"Òjò ló pa á lọ́nà," bàbá dáhùn. Irọ́ kejì nìyẹn láàárín ìṣẹ́jú kan. Òjò kò rọ̀ láti ìgbà tí a ti kúrò ní etí ọ̀sà. Obìnrin náà wò ó, ó wò mí, ó sì gbé iyọ̀ rẹ̀ lọ sí ilé ìdáná. Wọ́n fún mi níyàwó.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti fẹ́ràn bàbá yẹn bí ẹni tó bí mi. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ń jẹ mí lọ́kàn. Nígbà tí ọyẹ́ tún dé, tí ìyàwó mi ti wà nílé mi, mo lọ bá a pé, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká lọ. Ó ti níyọ̀ báyìí."

"Kí la fẹ́ lọ ṣe?" ó ní. "Mo ti tọ́ ọ wò. Mo ti sọ ọ́ fún gbogbo èèyàn."

"Bàbá, èmi àti ẹ̀yin mọ̀ pé…"

"Mo mọ̀, ọma mi. Ó níyọ̀." Ohùn tó fi sọ ọ́ ni ohùn tí a fi ń dá ọmọdé lóhùn bó bá ní òun rí ẹkùn lẹ́yìnkùlé. Ó ti fún mi lọ́mọ, ó ti fún mi ní iṣu gbígbìn, ó ń pè mí jẹun, ṣùgbọ́n kò gbà mí gbọ́. Òpùrọ́ ló mọ̀ọ́mọ̀ fọmọ rẹ̀ fún, nítorí ó fẹ́ràn òpùrọ́ náà. Èyí dùn mọ́ mi, ó sì dùn mí, mi ò sì lè fi í sílẹ̀.

Mo dá nìkan lọ. Mi ò ru obì, kò sẹ́ni tó rán mi. Àwọn ará Èkó wà lórí àga wọn, wọ́n kọjú sí omi. Mo wọ inú ọ̀sà, mo tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀mẹta kí ó lè dá mi lójú, mo bù ú kún kèrègbè, mo fi ewé dí ẹnu rẹ̀, mo sì gbé e bọ̀ láì sọ ọ́ kalẹ̀ níbì kankan tí ẹlòmíràn wà. Inú àká ni mo ti bá bàbá, ó ń so iṣu. Mo dọ̀bálẹ̀, mo gbé kèrègbè fún un. Ó da díẹ̀ sẹ́nu, ó rọra gbé e mì. Ó wo ẹ̀yìn, ó wo ẹ̀gbẹ́ bóyá ẹnì kan wà nítòsí. Ó wá tẹ̀ sí mi létí, inú rẹ̀ dùn gan-an.

"Ìwẹ mọ̀ ọ́n ṣe jù mí lọ," ó ní. "Tèmi ọjọ́sí, iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù."